Fáìlì báìtì 52: ohun tí ojú mi rí níbi dátábéèsì alájẹṣẹ́kù wa l'Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ìyá ẹlẹ́ja kan ní Olúwo, l'Ẹ̀pẹ́ níbí. Gbogbo ọjà ló ń pè wọ́n ní Alhaja, èmi náà Alhaja ni mo ń pè wọ́n. Àwọn ìyá 146 ló wà nínú ẹgbẹ́ náà, àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kí wọ́n tó lọ kírun ni kálukú máa ń dá owó, ẹlòmíì ₦2,000, ẹlòmíì ₦5,000, ẹni tí ọjà bá gbè lọ́sẹ̀ yẹn á dá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ìwé léjà ńlá kan ni Alhaja ń kọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ Olúwo, ẹ ẹ́ mọ̀ pé kò síbi tí omi ẹja ò lè dé, ìwé yẹn ti lẹ̀ mọ́ra, ìpẹ́ ẹja wà láàárín ewé ẹ̀, ojú ewé míì wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ṣí i, bíírò ti ṣàn káàkiri bí omi aró. Ìgbà tó di oṣù keje 2023, Alhaja ní kí n bá àwọn gbé e sórí kọ̀ǹpútà, pé ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà wà nílé, àwọn ò lè máa fọwọ́ tú ìwé tó ń já mọ́ àwọn lọ́wọ́.

SQLite ni mo lò, prógíráàmù kan tó ń tọ́jú dátábéèsì, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà lè tètè tú wò. Ìdí tí mo fi mú un ni pé kò fẹ́ sáfà kankan, ìyẹn prógíráàmù tó gbọ́dọ̀ máa dá ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn, gbogbo dátábéèsì yẹn, fáìlì ẹyọ kan ni. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ D. Richard Hipp ló gbé e jáde lọ́dún 2000, ó sì yọ̀ǹda ẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni lè lò ó láì san kọ́bọ̀. Fóònù Android tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ń lò ó, àwọn message WhatsApp yín, inú SQLite ni wọ́n wà lórí fóònù náà. Mo wá sọ fún ara mi pé nǹkan tó ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ilé, ó máa gba owó ìyá 146. Mo ṣe tábìlì mẹ́ta, omo_egbe, owo àti eyawo, mo kọ prógíráàmù kékeré kan tí Alhaja lè fi tẹ owó sínú ẹ̀, mo gbé e sórí làpútọ́ọ̀pù kan tó ń lo Ubuntu ní ṣọ́ọ̀bù wọn, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ò tiẹ̀ tíì kan dump, ìyẹn títú gbogbo dátábéèsì síta sínú fáìlì tí ojú lè kà. Lásìkò yẹn, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, màá kàn mú fáìlì alajeseku.db, màá ṣe kọ́pì ẹ̀ sórí fláàṣì, màá gbé e lọ sílé, ọkàn mi á balẹ̀. Alẹ́ Jímọ̀ kan ni Alhaja wá bá mi nílé, wọ́n ní kí n bá àwọn wo ẹnì kan, pé obìnrin náà ní òun dá ₦10,000 láàárọ̀, àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ti kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà ilé, mo wá a, mi ò rí i. Mi ò rí ti obìnrin yẹn, mi ò rí ti ẹnikẹ́ni tó dáwó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Alhaja ń wò mí. Mo ní ẹ má bínú mà, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó ní ṣọ́ọ̀bù, la bá gun ọ̀kadà lóru, a débẹ̀, gbogbo ẹ̀ wà kedere nínú làpútọ́ọ̀pù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí mò ń ṣe é, mo tan nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní WAL, wọ́n ní ó ń jẹ́ kó yá, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n tí WAL bá wà ní títàn, ohun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ò ní tíì wọ inú alajeseku.db, inú fáìlì kejì tó ń jẹ́ alajeseku.db-wal ló máa kọ́kọ́ wà, títí dìgbà tó bá pọ̀ tó tàbí tí ẹni tó ń lò ó kẹ́yìn bá pa prógíráàmù, ìgbà yẹn ni SQLite máa tó kó o wọ inú ti gidi. Àwa ò sì kì í pa prógíráàmù. Ẹ rò ó bí ìyá ọlọ́jà tó ń kọ gbèsè òòjọ́ sórí pálí, tó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń tó kó o wọ ìwé. Tẹ́ ẹ bá gbé ìwé tẹ́ ẹ fi pálí sílẹ̀, ẹ ò gbé gbèsè òní. Ìwé láìsí pálí ni mò ń gbé lọ sílé látọjọ́ yìí.

Ibẹ̀ ni mo ti lọ kọ́ .dump. Ẹ máa ṣí tẹ́míná, ìyẹn ojú ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ máa wọ fóldà tí dátábéèsì wà, ẹ máa tẹ:

sqlite3 alajeseku.db .dump > alajeseku.sql

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sqlite3, orúkọ tí à ń fi pe SQLite ní tẹ́míná, á ka gbogbo ohun tó wà nílẹ̀, títí kan èyí tó ṣì wà nínú -wal, á tú u sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ lásán tí ojú lè kà, àmì > yẹn ló sì ń da ọ̀rọ̀ náà sínú fáìlì dípò kó máa ṣàn kọjá lójú kọ̀ǹpútà. Inú fáìlì náà, ẹ ẹ́ kọ́kọ́ rí CREATE TABLE tó ń sọ bí tábìlì kọ̀ọ̀kan ṣe rí, lẹ́yìn ìyẹn ẹ ẹ́ wá rí INSERT INTO lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà kan fún owó kan. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa ẹ̀ jù nìyẹn. Fáìlì .db, tẹ́ ẹ bá ṣí i wò, wúruwùru ni, ṣùgbọ́n fáìlì .sql yìí, kódà fóònù lè ṣí i, ẹ sì lè fi ojú ara yín rí owó.

Mo pe Alhaja wá wò ó lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n fi gíláàsì sójú, wọ́n sún mọ́ kọ̀ǹpútà dáadáa, mo fi ìlà kan hàn wọ́n:

INSERT INTO owo VALUES(2371,41,'2023-10-27',5000);

Wọ́n fi ìka lé 5000, wọ́n ka òdo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní "Ta ló ni ín?" Mo ní 41 ni mà. "Ta ní ń jẹ́ 41?" Mo yí i lọ sókè níbi tí àwọn omo_egbe wà, orúkọ obìnrin kan tó ń ta ọ̀bọ̀kún yọ síta. Alhaja mi orí, wọ́n ní "Nọ́ńbà káàdì wọn lo kọ. O gbọ́n." Káàdì tí wọ́n ń sọ yẹn, káàdì pálí ni o, tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, tí Alhaja máa ń fọwọ́ sí tẹ́nì náà bá ti dáwó. Èmi ti ní kí wọ́n jẹ́ ká pa káàdì tì, níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti dé. Wọ́n ní rárá, àwọn ò ní pa á tì. Mo dúpẹ́ títí dòní pé wọn ò gbọ́ tèmi.

Tí ìròyìn bá parí síbẹ̀ mi ò ní jókòó kọ èyí. Mò ń ṣe dump náà fúnra mi ní ìrọ̀lẹ́, àmọ́ èèyàn ni mí, tí òjò bá rọ̀ tàbí tí àárẹ̀ bá mú mi màá gbàgbé. Mo wá pinnu pé kí cron, prógíráàmù tó ń fúnra ẹ̀ ṣe iṣẹ́ ní àsìkò tẹ́ ẹ bá dá fún un, máa bá mi ṣe é ní aago mẹ́jọ alẹ́. Mo kọ́kọ́ kọ kọmáàǹdì náà sínú crontab, ìyẹn ìwé àṣẹ cron, tààrà, pẹ̀lú date +%F kí orúkọ fáìlì máa ní déètì, kò ṣiṣẹ́, mi ò mọ̀ pé nínú crontab àmì % yẹn ní iṣẹ́ míì tó ń ṣe, ńṣe ló ń gé ìlà yín níbẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá fi \ síwájú ẹ̀. Mo kó o kúrò níbẹ̀, mo kọ ọ́ sínú script kékeré kan, ìyẹn fáìlì tó kó àṣẹ sínú, cron á kàn máa pe script:

sqlite3 alajeseku.db .dump > /home/egbe/backup/dump-$(date +%F).sql

January 5, 2024 nìyẹn, Jímọ̀ ni, mo rántí torí pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó tán. Ó ti ń lọ sí aago mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà tí mo dán an wò. Mo wà nínú fóldà tí dátábéèsì wà, mo pe script náà fọwọ́ ara mi, fáìlì jáde, bíi kílóbáìtì 190, mo ṣí i, gbogbo ìlà 3,906 ló pé. Mo gbé làpútọ́ọ̀pù dé, mo lọ sílé lọ sùn. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ọjọọjọ́ Jímọ̀ ni mò ń wá kó gbogbo fóldà backup sórí fláàṣì. Mò ń rí i tí fáìlì ń pọ̀ sí i, déètì ń tẹ̀lé déètì, inú mi ń dùn. Orúkọ ni mò ń wò. Mi ò wo ìwọ̀n wọn rí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo báyìí mi ò wò ó, fún oṣù mẹ́rin ààbọ̀.

Ọjọ́ Sunday kan ní ìparí May, òjò rọ̀, iná lọ, nígbà tó máa padà dé ó dé pẹ̀lú agbára, gílóòbù méjì fọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa. Làpútọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ wà lórí chárjì. Kò tàn mọ́. Ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe yọ hard disk ẹ̀, ó ki í bọ ẹ̀rọ míì, ohun tó ń ṣe ò ju ká, ká, ká lọ. Ó wò mí, ó ní ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ní backup? Mo ní mo ní in, ó pọ̀ gan-an, ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú.

Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ Ẹ̀pẹ́ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, gbogbo ìyá ló fẹ́ gba owó wọn láti fi ra àgbò, Kayokayo sì ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá, àlejò á dé láti Èkó, oúnjẹ á pọ̀, aṣọ á pọ̀. Kò sí àsìkò tí owó alájẹṣẹ́kù ń jáde tó ìgbà yẹn. Mo ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà ilé, mo tẹ ls -l, àṣẹ tó ń to orúkọ fáìlì pẹ̀lú ìwọ̀n wọn. Ohun tí mo rí nìyí, mo kàn mú díẹ̀ níbẹ̀ ni:

52 dump-2024-05-21.sql
52 dump-2024-05-22.sql
52 dump-2024-05-23.sql

52, 52, 52, látòkè délẹ̀. Báìtì 52, kì í ṣe kílóbáìtì o. Àyà mi já. Mo ṣí ọ̀kan, ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀:

PRAGMA foreign_keys=OFF;
BEGIN TRANSACTION;
COMMIT;

Mo ṣí òmíì, bákan náà. Mo ṣí bíi ogún, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Kò sí tábìlì, kò sí owó, kò sí orúkọ ẹnì kan. Ẹyọ kan ṣoṣo ló sanra nínú gbogbo wọn, ti January 5 tí mo fọwọ́ ara mi ṣe. Ìyẹn gan-an, orí ló yọ ọ́, torí tó bá jẹ́ pé ṣáájú aago mẹ́jọ ni mo dán an wò lọ́jọ́ yẹn, cron ì bá ti kọ báìtì 52 lé e lórí lálẹ́ ọjọ́ náà, torí orúkọ kan náà ni fáìlì méjèèjì máa jẹ́.

Mi ò lè sùn àfi kí n mọ ohun tó fà á. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà ilé, mo dúró sí fóldà tí dátábéèsì kankan ò sí, mo tẹ kọmáàǹdì yẹn bó ṣe wà nínú script. Mò ń retí pé kó pariwo mọ́ mi pé fáìlì yìí ò sí. Kò sọ nǹkan kan. Mo wo fáìlì tó gbé jáde: 52. Ó wá yé mi. Tẹ́ ẹ bá dárúkọ dátábéèsì tí ò sí fún sqlite3, kì í rò pé ẹ ṣìnà, ńṣe ló gbà pé tuntun lẹ fẹ́ dá, ó sì tú tuntun yẹn síta fún yín bó ṣe wà, lófìfo. Script tèmi dárúkọ alajeseku.db lásán, kò sọ fóldà tó wà. Nígbà tí mo pè é fúnra mi, inú fóldà náà ni mo wà, ó rí i. Ṣùgbọ́n cron, inú home, fóldà ẹni tó ni iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà, ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, alajeseku.db kankan ò sí nínú home, torí náà alaalẹ́ ló ń fi òótọ́ inú tú dátábéèsì tí kò ní nǹkan kan nínú. Sqlite3 ò purọ́ fún mi. Èmi ni mi ò béèrè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ sọ fún Alhaja. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀, mi ò fi ìkankan pamọ́. Wọn ò pariwo. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní "Owó èèyàn ni o." Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde, wọ́n ní kí wọ́n lọ kéde ní ọjà pé kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mú káàdì wọn wá.

Mo dá ti January padà, ìyẹn rọrùn:

sqlite3 tuntun.db < dump-2024-01-05.sql

Ẹ jẹ́ kí tuntun.db yẹn jẹ́ orúkọ tí ò tíì sí rí o, torí tẹ́ ẹ bá dà á lé dátábéèsì tó ti ní tábìlì nínú, ó máa pariwo pé tábìlì ti wà. Mo bi í pé ìlà owó mélòó ló wà, SELECT COUNT(*) FROM owo; ó ní 3906. Omijé fẹ́ bọ́ lójú mi. Ó wá ku Jímọ̀ 20, láti January 12 dé May 24, ìlà bíi 2,900, tí a máa fọwọ́ tẹ̀ láti ara káàdì. Àwọn ìyá ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíì tú káàdì kúrò ní etí ìró, wọ́n ti fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mejì. Alhaja ń ka ìbuwọ́lù ara wọn, èmi ń tẹ̀. Àwọn mẹ́ta ni káàdì wọn ti bàjẹ́ tàbí sọnù. Àmọ́ gbogbo Jímọ̀ ni Alhaja máa ń lọ san àpapọ̀ owó sí báńkì, tẹ́là ẹ̀ wà nínú báàgì wọn, torí náà mo ní kí SQLite bá mi ro owó Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan pọ̀, a yọ ọ́ kúrò lára ti tẹ́là, èyí tó kù, ti àwọn mẹ́ta yìí ni, àwọn náà sì mọ iye tí kálukú máa ń dá. Ó gbà wá ní ọjọ́ mẹ́rin. Gbogbo ìyá gbowó kí Iléyá tó dé. Mi ò ní gbàgbé obìnrin kan tó mú káàdì ẹ̀ wá tó fi lé mi lọ́wọ́ tó ní "ọmọ mi, má jẹ́ kí eléyìí náà sọnù o, òun ló kù."

Nínú ọjọ́ mẹ́rin yẹn náà ni mo tún kọ́ nǹkan míì, torí pé làpútọ́ọ̀pù Windows aládùúgbò wa la yá lò. Mo ṣí PowerShell, tẹ́míná ti Windows, mo tẹ kọmáàǹdì kan náà pẹ̀lú >, nítorí mo ti ń ṣe dump ní wákàtí wákàtí báyìí, ìbẹ̀rù ti wọ̀ mí lára. Lọ́tẹ̀ yìí mo ṣí fáìlì náà wò. Nínú omo_egbe, mo ní ibi tí mo ń kọ irú ẹja tí kálukú ń tà sí, níbi tó yẹ kó ti jẹ́ ṣàwá, ohun tí mo rí ni:

ß╣ú├áw├í

Gbogbo orúkọ tó ní ẹ, ọ, ṣ, gbogbo ibi tí àmì ohùn wà, ló ti dàrú bẹ́ẹ̀. Sqlite3 kọ́ ló bà á jẹ́, UTF-8, ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọ lẹ́tà sílẹ̀, ló tú síta, PowerShell ti inú Windows yẹn ló gbà á láàárín ọ̀nà, ó kà á bí ẹni tí ò gbọ́ èdè, ó tún wá kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀nà míì, UTF-16. Ẹni tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló wà nínú dátábéèsì ẹ̀ lè má tètè mọ̀, ṣùgbọ́n àwa tí orúkọ wa gbé àmì, ó máa ba tiwa jẹ́ pátápátá. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ má lo > níbẹ̀ rárá. Ẹ ṣí sqlite3 alajeseku.db, ẹ tẹ .output alajeseku.sql, ẹ tẹ .dump, ẹ wá tẹ .quit. Sqlite3 á kọ fáìlì náà fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́nà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà tún fẹ́ ohun tí àwọn lè ṣí nínú Excel, láti máa fi pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Fún ìyẹn, ẹ tẹ ìwọ̀nyí nínú sqlite3: .headers on, .mode csv, .once --bom omo_egbe.csv, lẹ́yìn náà ẹ tẹ SELECT * FROM omo_egbe; síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ --bom yẹn ló ń jẹ́ kí Excel mọ̀ pé UTF-8 ni, kí àmì ohùn má bàa dàrú. Ó dáa fún kíkà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà kí wọ́n fi Excel tún un ṣe, kí wọ́n sèéfù ẹ̀, kẹ́ ẹ wá kó o padà sínú dátábéèsì, mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, gbogbo nọ́ńbà fóònù ló pàdánù òdo iwájú, 0803 di 803, torí Excel rí i bíi nọ́ńbà ìṣirò. Nínú SQLite náà ẹ kọ ọ̀wọ́ fóònù sí TEXT, ìyẹn ọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sí INTEGER, ìyẹn nọ́ńbà ìṣirò, òdo yẹn á lọ bákan náà.

Ọ̀rẹ́ mi kan n'Íkòròdú ń lo MySQL, prógíráàmù dátábéèsì míì, fún ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, mysqldump ló ń lò, ọgbọ́n kan náà ni, ó kàn jẹ́ pé tiẹ̀ ń béèrè password. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ṣi password tẹ̀. Mysqldump kọ̀ fún un, kò sì sí nǹkan tó burú nínú ìyẹn, àmọ́ fáìlì tó dáa tó ṣe lánàá ti ṣófo, báìtì 0. Torí àmì > máa ń nu fáìlì nù kí kọmáàǹdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá, bóyá iṣẹ́ náà yọrí, bóyá kò yọrí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi déètì sórúkọ fáìlì, ẹ má jẹ́ kí tòní gorí tàná.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń bá ẹgbẹ́ tọ́jú owó fi sọ́kàn. Fáìlì dump yẹn, ojú lásán ló ń kà á, mo ti sọ pé ìyẹn ni mo fẹ́ràn nípa ẹ̀, òun náà ló sì ń bà mí lẹ́rù. Gbèsè gbogbo àwọn ìyá wà nínú ẹ̀, ta ló yáwó, èló, ta ló dúró fún un. Mo gbàgbé fláàṣì mi lẹ́ẹ̀kan níbi tí mo ti lọ tẹ ìwé jáde, kí n tó padà, ọmọ tó wà níbẹ̀ ti ṣí i kó lè mọ ẹni tó ni ín. Kò ní èrò burúkú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ orúkọ ẹnì kan tó mọ̀ ló rí ńkọ́? L'Ẹ̀pẹ́ níbí tí gbogbo èèyàn mọra? Láti ọjọ́ yẹn, fáìlì kankan ò kúrò lórí kọ̀ǹpútà wa láìjẹ́ pé mo ti fi gpg -c, àṣẹ tó ń fi password ti fáìlì, tì í, Alhaja nìkan ló tún mọ password ẹ̀ lẹ́yìn mi.

Bí script náà ṣe wà báyìí nìyí, "$f" ló dúró fún orúkọ fáìlì náà:

cd /home/egbe/alajeseku || exit 1
f=/home/egbe/backup/dump-$(date +%F).sql
sqlite3 -readonly alajeseku.db .dump > "$f"
grep -c '^INSERT INTO owo' "$f"

Ìlà àkọ́kọ́ ń wọ fóldà, tí fóldà bá sọnù ó dúró síbẹ̀. -readonly yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí pẹ̀lú ẹ̀, sqlite3 ò lè dá dátábéèsì tuntun mọ́, tí alajeseku.db ò bá sí, á pariwo. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa wo ìlà tó kẹ́yìn, pé tó bá jẹ́ COMMIT; ó pé, tó bá jẹ́ ROLLBACK; wàhálà ti wà nínú dátábéèsì náà. Òótọ́ ni, ẹ máa wò ó. Àmọ́ fáìlì báìtì 52 tèmi náà, COMMIT; ló fi parí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi grep ka ìlà owó fúnra wọn. Ìparí oṣù, mo máa ń dá ọ̀kan padà sínú idanwo.db, màá tẹ àṣẹ tó ń yẹ dátábéèsì wò bóyá ó bàjẹ́, PRAGMA integrity_check; màá dúró títí yóò fi sọ pé ok, màá ro àpapọ̀ owó, màá fi í wé ti báńkì. Kí n tó ṣe ìyẹn, mi ò kì í pè é ní backup mọ́, fáìlì lásán ni.

Nọ́ńbà tí grep gbé jáde yẹn, Alhaja ló ni ín. Gbogbo alẹ́ Jímọ̀ wọ́n máa ń pè mí, wọn ò tíì kí mi tán tí wọ́n á ti béèrè, "Ó jẹ́ mélòó?" Màá sọ ọ́, wọ́n á kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé léjà àtijọ́ yẹn, wọ́n á yọ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kúrò níbẹ̀, wọ́n á fi í wé iye èèyàn tí wọ́n fọwọ́ sí káàdì wọn láàárọ̀. Jímọ̀ tó kọjá, mo ní 14,212 mà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń fi ẹnu ṣírò. Wọ́n ní "143 ló lé. Èèyàn 144 ni mo fọwọ́ sí." Mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, a tú u wò láti káàdì 1, nígbà tí a dé 87, a rí i, ìyá náà dáwó lásìkò tí iná lọ, Alhaja fọwọ́ sí káàdì, wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ níwájú mi, ₦3,000, mo tún dump ṣe, 14,213, wọ́n fa igi sí èyí tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀, wọ́n kọ tuntun sí abẹ́ ẹ̀, wọ́n ní kí n lọ jẹun.